Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Bí Àwọn Ẹ̀gbá Ṣe Múra Sísá Lọ Sí Abẹ́ Olúmọ ní 1830

Àwọn àgbà a máa wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Òwe yìí kò ṣòro láti pa. Ọmọdé ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ohun méjì ni ó so pọ̀. Èkínní ni gbígbọ́. Èkejì ni ọgbọ́n. Arọ kò ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi sá. Bí ogun bá dé ní ọ̀sán gangan, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ti ń pariwo rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ariwo náà kò lè gbé e kúrò lórí ẹní. Ohun tí yóò gbà á là ni pé ó ti mọ ibi tí yóò lọ, ó ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà, ó sì ti bá ẹlẹ́sẹ̀ tí yóò gbé e ṣe àdéhùn kí ogun tó dé ẹnu odi. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí ó gbọ́ nìkan ni òwe náà ń yìn, bí kò ṣe ẹni tí ó gbọ́ tí ó sì ṣe ètò.

Nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ìgbà tí a fi òwe yìí dán ènìyàn wò bí ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjọba Ọ̀yọ́, tí ó ti jẹ́ òrùlé fún ilẹ̀ púpọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti ìgbà Aláàfin Aólẹ̀, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, yapa ní Ìlọrin. Ní bí ọdún 1817 ó ti fi Alímì ṣe alábàárò, ó sì kó àwọn jagunjagun àlejò jọ láti fi gbé ara rẹ̀ ró. Àwọn tí ó kó jọ náà ni ó pa á ní ìkẹyìn. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà kò ti dán mọ́, tí ọjà kò ná mọ́, tí ẹni tí ó ní oko lọ́nà jíjìn kò lè lọ kórè rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹṣin, ìbọn àti ọmọ-ogun ni ó ń pa àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olówò ẹrú wà ní etíkun tí wọ́n ń ra gbogbo ẹni tí a bá mú, tí ogun fi di òwò, tí òwò náà sì ń bí ogun mìíràn.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà ní ẹnu olórí ilé gbogbo: bí ó bá kan wa, ibo ni a ó sá sí? Ìdáhùn kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn kan ń sá wọ ìlú ńlá tí ó ní odi. Àwọn kan ń gun orí òkè. Àwọn kan ń wọ inú ijù, níbi tí ẹṣin kò ti lè sáré. Ìtàn àwọn Ẹ̀gbá ni a mọ̀ jù nínú àwọn tí ó yan ijù àti òkúta, ọ̀pọ̀lọpọ̀ a sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé àpáta Olúmọ nìkan ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àpáta pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Òkúta kì í lọ pe ènìyàn wá. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó gba àwọn Ẹ̀gbá là, a ní láti wo ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó rí àpáta náà. Kí ó sì lè yé wa dáadáa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ìlú kan tí ó sá láìmúra.

Ìlú náà ni Òṣogùn, ní apá ilẹ̀ Ìsẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ogun kó o, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821. Àjàyí yìí ni ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà ní Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ó sì kọ ìtàn ọjọ́ náà sínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, Òṣogùn kì í ṣe abúlé. Ó ṣírò àwọn ènìyàn rẹ̀ sí 12,000, àwọn tí ó lè jà nínú wọn sí 3,000. Ọgbà igi yí ìlú náà ká ní ìwọ̀n máìlì 4, ó sì ní ẹnubodè bí i mẹ́fà. Ní bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ wà lórí iná, ni ìròyìn dé pé ogun ń bọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin kò sí nílé. Àwọn tí ó wà nílé ní láti pín ara wọn sí ẹnubodè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti sí gbogbo ibi tí ọgbà ti jẹrà. Kò ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tí ogun fi wọlé.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó bani nínú jẹ́ jù. Àwọn obìnrin pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n di ẹrù lórí, wọ́n fa àwọn ọmọ mìíràn lọ́wọ́, wọ́n sì forí lé inú igbó. Ẹ̀gún há mọ́ wọn láṣọ. Ẹrù wọn ń já bọ́. Bí wọ́n ti ń gbìyànjú láti yọ ara wọn nínú ẹ̀gún náà ni ọ̀tá ń dé bá wọn, tí wọ́n ń ju okùn sí wọn lọ́rùn. Bàbá Àjàyí sáré wá sílé, ó ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa sá lọ, ó sì padà sí ojú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fojú kàn án. A mú Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, a sì dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ náà gan-an. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n tà á dé Èkó, wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ àwọn ará Potogí. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ó sì di ará Sàró.

Kò sí àní-àní pé Òṣogùn ti gbọ́ nípa ogun kí ogun tó dé bá a. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí ogun ti ń jà ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Igbó sì wà lẹ́yìn odi wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ń ṣá igi nínú rẹ̀. Èyí tí kò sí ni ètò. Kò sí ẹni tí ó ti pinnu ẹnubodè tí àwọn ọlọ́mọ yóò gbà jáde. Kò sí ipa tí a ti là sílẹ̀ nínú ẹ̀gún. Kò sí ibi ìpàdé tí ọkọ lè lọ wá aya sí lẹ́yìn tí ìjà bá tán. Olúkúlùkù ilé ni ó sá fún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì mú wọn ní ilé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí á wá yí ojú sí àwọn Ẹ̀gbá. Kí ogun tó dé, inú igbó ni wọ́n tẹ̀dó sí, láàárín ibi tí Ìbàdàn wà lónìí àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìlú wọn lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì: Ẹ̀gbá Aké tí Aláké jẹ́ olórí rẹ̀, Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà tí ó ní Ọ̀ṣilẹ̀, àti Ẹ̀gbá Gbágùrá tí ó ní Àgùrá. Ètò ìkọ̀kọ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí wọ́n ṣì ń sin Ọ̀yọ́, Lísàbí ni ó kó wọn jọ ní ẹgbẹ́ àáró, tí wọ́n ń bá ara wọn ro oko. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ rí oko, wọn kò rí ogun. Ìgbà tí àkókò tó ni ẹgbẹ́ tí ń ro oko di ẹgbẹ́ tí ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òmìnira tí Lísàbí gbà fún wọn kò di ìṣọ̀kan. Ìlú kan ń jowú èkejì, kò sì sí ẹnìkan tí ó lè pàṣẹ fún gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn Ifẹ̀, àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn ìsáǹsá Ọ̀yọ́ parapọ̀ dó ti Òwu, tí wọ́n sì fọ́ ọ ní bí ọdún 1825 lẹ́yìn ìdótì gbọọrọ, ẹgbẹ́ ogun náà kò tú ká. Ogun tí kò nílé kò lè padà sílé. Ibi tí oúnjẹ wà ni ó ń lọ. Ó yí ojú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, ó sì ń kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tí ó wà níwájú ti ń jóná, èyí tí ó wà lẹ́yìn ń wòran, títí ó fi kan òun náà.

Ní bí ọdún 1829 ẹgbẹ́ ogun náà wọ Ìbàdàn, tí ó jẹ́ ìlú àwọn Ẹ̀gbá Gbágùrá tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Àwọn Ẹ̀gbá tí ó kù kò rí ibòmíràn gbé ju àárín àwọn tí ó fọ́ ìlú wọn lọ. Wọ́n di àlejò nínú ilé ara wọn. Àwọn ológun ń gba oko wọn, wọ́n ń fi ọmọbìnrin wọn ṣaya láìsan owó orí. Ìwọ̀sí di oúnjẹ ojoojúmọ́. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí a sì tẹ̀ ní 1921, sọ pé ìjà kan bẹ́ sílẹ̀ nínú ibùdó yìí, tí Lámọ́dì, Balógun àwọn Ẹ̀gbá, fi pa ìjòyè Ifẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà ni àwọn Ẹ̀gbá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ìfaradà. Wọ́n jáde kúrò nínú Ìbàdàn, wọ́n sì pàgọ́ sí òdì kejì odò Ọ̀nà.

Ibi yìí gan-an ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ti dúró díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ yóò sá lọ ní òru ọjọ́ náà. Àwọn Ẹ̀gbá kò sá. Wọ́n dúró sí ẹ̀bá odò Ọ̀nà, nítòsí ọ̀tá, wọ́n sì fi àkókò náà ṣe ohun mẹ́rin.

Ohun kìíní ni pé wọ́n yan ibi tí wọ́n mọ̀. Ibi tí a ń pè ní Abẹ́òkúta lónìí kò ṣófo nígbà náà, kò sì ṣàjèjì. Johnson sọ pé abúlé oko ará Ìtokò kan ni, àti pé àwọn oníṣòwò tí ń lọ tí ń bọ̀ láti Òkè-Ògùn a máa sinmi níbẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Abẹ́òkúta sì ń pe ibẹ̀ ní Oko Adágbá, ó sì ń dárúkọ àwọn ọdẹ tí wọ́n ti ń fi ihò àpáta ṣe ibùsùn kí ẹnikẹ́ni tó sá wá. Àgbẹ̀ ti mọ ilẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ ti mọ ihò rẹ̀. Oníṣòwò ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Ijù ni fún ọ̀tá, ṣùgbọ́n fún ará Ìtokò, oko ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ijù tí ń gbani àti ijù tí ń pani nìyí: ẹnìkan ti gbé inú èyí tí ń gbani rí.

Ohun kejì ni pé wọ́n wádìí ibẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí a bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ ibẹ̀ wá, wọ́n sì gbé e síwájú Ifá láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà yóò gbà wọ́n. Àwọn kan lè rí èyí bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ó ti rí: a ní láti rán ẹni tí ó mọ ọ̀nà, ẹni náà ní láti dé ibẹ̀, kí ó sì padà láàyè, erùpẹ̀ tí ó bù wá ní láti gba ọwọ́ àwọn àgbà tí ó ti ń ro oko láti kékeré. Ní ọjọ́ tí Ifá fọ rere, kì í ṣe babaláwo nìkan ni ó ti mọ̀ pé ọ̀nà là. Gbogbo ibùdó ni ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, láti ẹnu tí ẹnikẹ́ni kò lè bá jiyàn. Àwọn ènìyàn tí àìṣọ̀kan ti pa ìlú wọn run wá ní ìpinnu kan ṣoṣo.

Ohun kẹta ni pé wọ́n wá ẹni tí yóò sìn wọ́n. Láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin a rìn ín ní ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin nìkan ni ó ń lọ. Arúgbó wà, aláboyún wà, àwọn ọmọ ọwọ́ wà, ẹrù wà. Àwọn àgbà mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí ó lọ́ra jù ni yóò pinnu bí gbogbo wọn yóò ti yára tó. Nítorí náà ni wọ́n fi bẹ olórí ogun kan pé kí ó fún wọn ní ọmọ-ogun tí yóò sin wọ́n dé ibẹ̀. Wọn kò tijú láti bẹ ẹni tí kì í ṣe Ẹ̀gbá. Arọ tí ó gbọ́n ti bá ẹlẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun kẹrin ni pé wọ́n ní olórí, wọ́n sì ní ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun Ìbàdàn gbọ́ pé wọ́n ti gbéra, wọ́n lépa wọn, ìjà sì ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà. Lámọ́dì kú nínú ìrìn náà. Bí ó bá ṣe ìlú mìíràn ni, ikú Balógun ì bá tú gbogbo wọn ká sínú igbó. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, Séríkí, ọmọ Ìporo, gba ipò náà lójú ẹsẹ̀, ó sì kó wọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830.

Àpáta náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kò yẹ kí a fi ìyẹn dù ú. Orí rẹ̀ ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ ń rí ọ̀nà jíjìn. Ihò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ gba ènìyàn, odò Ògùn sì ń ṣàn ní apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Títí di òní ni a ń fi ibi tí wọ́n ń sùn lábẹ́ àpáta náà han àlejò, pẹ̀lú kòtò kéékèèké tí a ti lọ nǹkan lórí òkúta. Ṣùgbọ́n ihò àpáta kò hu iṣu. Ẹni tí ó bá sá wọ ijù tí kò gbin nǹkan yóò padà jáde fún ọ̀tá rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, nítorí ebi kò ju ogun lọ ní àánú. Nítorí náà ni iṣẹ́ oko fi tẹ̀ lé iṣẹ́ ìṣọ́, tí àwọn tí ó ti sá fún ìbọn fi tún ń wá ìbọn. Ní bí ọdún 1832 àwọn Ìjẹ̀bú wá bá wọn jà ní Owíwí, àwọn Ẹ̀gbá sì borí. Ní bí ọdún 1834 àwọn Òwu, tí ilé wọn ti parun kí ti Ẹ̀gbá tó parun, wá bá wọn, wọ́n sì gbà wọ́n mọ́ra.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù nípa ibùdó tuntun yìí ni bí wọ́n ti tò ó. Wọn kò da ara wọn pọ̀ bí ẹ̀wà. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó ti parun nínú igbó gba àdúgbò tirẹ̀ lábẹ́ àpáta, ó sì fi orúkọ rẹ̀ àtijọ́ pe ibẹ̀: Aké, Ìjẹmọ̀, Ìtokò, Ìkìjà, Ìporo, Igbẹ̀ìn, Kémtà àti àwọn mìíràn. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Ògbóni tirẹ̀ tí ń dájọ́, Ológun tí ń jà, Pàràkòyí tí ń bójú tó ọjà, àti àwọn Ọdẹ tí ń ṣọ́ igbó. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi oko sílẹ̀, wọ́n fi ibojì bàbá wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ìlú sílẹ̀, nítorí pé ìlú kì í ṣe ògiri. Ẹni tí ó bá dé abẹ́ Olúmọ ní alẹ́ mọ ilé tí yóò bèèrè, ó mọ ẹni tí yóò kí, ó sì mọ ẹni tí yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn ará Òṣogùn kò ní nìyí. Oyè ọba pàápàá, wọn kò kánjú sí i: ọdún 24 kọjá lẹ́yìn tí wọ́n dé kí a tó fi Okùkẹ́nù jẹ Aláké ní Abẹ́òkúta ní 1854. Wọ́n ti rí i pé ìlú lè dúró kí adé tó dé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé títóbi ni ó ń gba ìlú là, ẹ wo Ọ̀yọ́ Ilé. Kò sí ìlú tí ó gbọ́ nípa ogun tó o, nítorí pé láti ilé rẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ náà ti jáde. Ó ní odi, ó ní ààfin, ó ní orúkọ tí ń dẹ́rù bani. Síbẹ̀, nígbà tí Aláàfin Olúewu kú nínú ogun tí ó bá Ìlọrin jà ní bí ọdún 1836, olú-ìlú náà tú ká. Àwọn kan sá lọ sí Kìṣí, àwọn kan sí Ìgbòho, àwọn kan tilẹ̀ lọ sí Ìlọrin lọ́dọ̀ ọ̀tá. Ààfin di igbó. Àtìbà, tí ó ti ń kó ènìyàn jọ sí Àgọ́ Ọ̀jà kí olú-ìlú tó tú, ní ọ̀nà tí ó lé ní 100 kìlómítà sí gúúsù, ni ó jogún orúkọ Ọ̀yọ́ àti adé rẹ̀. Ohun kan náà ni ìtàn méjèèjì ń sọ: ẹni tí ó ti ní ibi tí ó ń lọ kí ilé tó wó ni ilé ń bá lọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn òtítọ́ kì í yin ènìyàn títí kí ó gbàgbé ẹni tí ó ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ètò àwọn Ẹ̀gbá dára, síbẹ̀ kò kárí. Johnson sọ fún wa pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin Ẹ̀gbá tí àwọn ológun ti fi ṣaya kò bá wọn lọ. Wọ́n kù sí Ìbàdàn, wọ́n sì di ìyá ìran àkọ́kọ́ tí a bí síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ ohun tí ó wà ní ọkàn wọn sílẹ̀. Bóyá àwọn kan kò rí àyè jáde. Bóyá àwọn kan ti bí ọmọ tí wọn kò lè fi sílẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé nígbà tí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ń bá ara wọn jà ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ obìnrin Ẹ̀gbá wà ní ìhà méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn tí wọ́n sá fún ìkónilẹ́rú wá di ẹni tí ń kóni lẹ́rú. Ogun Ẹ̀gbá ja Ọ̀tà, ó dó ti Adó fún ọdún púpọ̀, ẹrú sì ń ṣiṣẹ́ nínú oko Abẹ́òkúta. Ijù gbà wọ́n lọ́wọ́ ogun. Kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìwà ayé ìgbà wọn.

Síbẹ̀ náà, a ní láti ka ohun tí ìmúrasílẹ̀ náà bí. Láti bí ọdún 1839 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti tú sílẹ̀ ní Sàró ti ń wá Abẹ́òkúta bọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti lè rí ẹni tí ó mọ orúkọ ìlú bàbá wọn. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n, ó sì gba àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó kọ́kọ́ dé, Freeman ní ìparí 1842 àti Townsend ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843. Ìlú tí a tẹ̀dó nínú ìsáǹsá lé àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì padà lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù kẹta 1851 àti ní oṣù kẹta 1864. Ní 1859, ọdún 29 péré lẹ́yìn tí wọ́n dé inú ihò àpáta, ni Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn níbẹ̀, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Crowther fúnra rẹ̀ dé Abẹ́òkúta, lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ó ti tó ọdún 25 tí okùn ti yà á nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá rẹ̀ àti arákùnrin rẹ̀ wá a dé ibẹ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ìlú tí ó sá láìmúra ni ó ti sọ wọ́n nù. Ìlú tí ó múra kí ó tó sá ni ó tún so wọ́n pọ̀. Kì í ṣe nítorí wọn ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe bu erùpẹ̀ níjọ́ kìíní àná, ṣùgbọ́n ìlú tí ó bá dúró níbi kan, tí orúkọ rẹ̀ kò yẹ̀, di ibi tí ẹni tí ó sọnù lè wá ara rẹ̀ sí.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn olùkọ́ bá ń sọ ìtàn Olúmọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó dára kí wọ́n fi àpáta náà hàn wọ́n, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gùn ún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún wọn nípa odò Ọ̀nà pẹ̀lú, níbi tí àwọn àgbà ti jókòó nígbà tí ẹ̀rù ń bà wọ́n, tí wọ́n ń bèèrè ẹni tí ó mọ ọ̀nà, irú ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, ẹni tí yóò sìn wọ́n, àti ẹni tí yóò darí bí olórí bá kú. Kí wọ́n sì kọ́ wọn láti bèèrè ìbéèrè karùn-ún, èyí tí a kò rí ìdáhùn rẹ̀ tán ní 1830: ta ni kò sí láàárín wa?